Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Lórí Ààrò Búrẹ́dì Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún méjì, mi ò sì lè dá a gbé mọ́. Mi ò jalè. Irọ́ ni mo pa, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sì ti pa á. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi lánàá ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Aràmọkọ ni mo ń gbé, búrẹ́dì ni mo ń ṣe. Wọ́n ń jẹ ẹ́ dé Òkè-Ìmẹ̀sí, mi ò fọ́nnu. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ tíṣà, ọkùnrin kan wá ta inṣọ́ránsì ẹ̀mí fún èmi àti Ìyá Tóyìn, ọ̀rẹ́ mi tó ń ránṣọ níwájú ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó ní bí a bá kú, wọn á sanwó fún àwọn ọmọ wa. Ó ní díẹ̀ nínú ohun tí a ń san á sì máa kó jọ, tó bá pẹ́, a lè yá nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kú.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó fò dìde.

"Owó òkú! Owó òkú kò níí wọ ulé mi o, ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Mo sì ń san án lọ ní bòńkẹ́lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò kábàámọ̀ ìyẹn rárá.

Nígbà tí ọjà mi wá ju ohun tí ààrò alámọ̀ mi lè yan lọ, mo lọ sí Adó, mo yá owó lórí inṣọ́ránsì náà. Mo ra ààrò gáàsì ńlá àti ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, mo gba obìnrin mẹ́rin síṣẹ́. Mo ń san án padà déédéé.

Ọkọ mi béèrè ibi tí mo ti rówó. Mo ní, "Ọlọ́run ló fi ránṣẹ́." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àṣé inú rẹ̀ dùn débi pé ó lọ sọ fún àlùfáà wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n pè mí síwájú kí n wá jẹ́rìí. Mo wo ọkọ mi tó ń rẹ́rìn-ín níwájú. Mo ní mo kàn jí lọ́jọ́ kan ni, mo bá owó níbi tí mi ò gbé owó sí. Ṣọ́ọ̀ṣì hó yèè.

Ìyá Tóyìn ló jó jù. Opó ni, ọmọ méjì ló ń dá tọ́. Mi ò sọ òótọ́ fún un, torí ẹnu rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ dúró.

Lánàá ó wá ra búrẹ́dì. Ó ní òun ti dá inṣọ́ránsì tòun dúró, inú àpò ọrẹ ni òun ń kó owó rẹ̀ sí.

"Ìyá Ṣeun, Ọlọ́run tó ṣe é fún ọ kò níí gbàgbé mi. Kí ni mo tún fẹ́ fi owó òkú ṣe ní ulé mi?"

Ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì ti kọ̀wé sí i pé bí oṣù yìí bá parí tí kò san nǹkan kan, inṣọ́ránsì náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́. Mo wé búrẹ́dì fún un, ó sì lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ méjì yẹn bà mí lẹ́rù gan-an.

Bí mo bá sọ fún un, ọkọ mi á gbọ́, ṣọ́ọ̀ṣì á gbọ́. Mo lè fara da ìtìjú, búrẹ́dì mi á ṣì máa tà. Ṣùgbọ́n ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, òun ni àbí ọkọ mi? Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kódà ẹ bú mi. Ẹ ṣáà má sọ pé kí n lọ gbàdúrà sí i. Orúkọ Ọlọ́run ni mo fi bo irọ́ yẹn mọ́lẹ̀.