Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Ọtí Tí Mo Pè Ní Ìwúkàrà Búrẹ́dì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó jẹ́ kí n bímọ láyọ̀, tó fún mi ní ilé àti iṣẹ́. Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìkankan nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni mi ò ti lè gbé ẹrù yìí mọ́.

Ràmátù ni mí, ọmọ lèmọ́mù, láti abúlé kan ní Goro. Ilé kéwú ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìwé, kí bàbá mi tó rán mi lọ sí yunifásítì. Iṣẹ́ wa níbẹ̀ ni láti wá ìwúkàrà tó lè sọ èròjà kan di òmíràn, èyí tí àwọn tó ń ṣe oògùn fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn. Gbogbo ìwúkàrà kọ́ ló lè ṣe é. Èyí tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn oníbúrẹ́dì ìlú Tchaourou kò ṣe nǹkan kan.

Mo wá lọ bá ìyá kan tó ń pọn ṣùkùtù, ọtí ọkà bàbà, lẹ́yìn ibùdó rélùwéè. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò, tí ìwúkàrà wà nínú rẹ̀, ni wọ́n máa ń tọ́jú kí ọtí tuntun lè kan. Ó bù ú fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín: “Ọmọ lèmọ́mù, ṣé kí n bu ti bàbá náà sí i?” Mo fi ìbòrí mi bo ìgò náà.

Ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọ̀gá olùkọ́ wa bi mí níbi tí mo ti rí i, mo ní inú ìyẹ̀fun búrẹ́dì ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé pé mo dé ilé ọtí. Mo pè é ní irọ́ kékeré.

Lẹ́yìn náà, iná mànàmáná lọ, ìwúkàrà tí a tọ́jú sínú firíjì kú. Ọ̀gá ní kí Rẹ́bẹ́kà, ọmọ ìlú Tchatchou tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi nínú iṣẹ́ náà, wá irú rẹ̀. Ó wọ gbogbo ilé búrẹ́dì. Mo ń wò ó. Lọ́jọ́ kan, lójú gbogbo wa, ọ̀gá ní: “Ràmátù ṣe é, ó jẹ́. Ìwọ nìkan ni ìwúkàrà ń bá ṣọ̀tá?” Wọ́n ní ìdọ̀tí ọwọ́ rẹ̀ ló ń pa á. Wọ́n lé e. Mo wà níbẹ̀, mo ń wo ilẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ìyá Rẹ́bẹ́kà gan-an ń pọn ṣùkùtù. Ká ní mo sọ òótọ́ ni, ilé wọn ni ì bá ti lọ bù ú.

Ẹ̀bá ọ̀nà ni Rẹ́bẹ́kà ti ń ta kajú báyìí. Ó gbé iṣu wá síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ mi. Ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run ń gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kó mú ohun tó ń pa nǹkan kúrò lọ́wọ́ mi.”

Mo ṣe àmín. Ẹ jọ̀ọ́, àmín ni mo ṣe.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn yóò fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ ní mọ́ṣáláṣí. Bí mo bá dákẹ́, Rẹ́bẹ́kà yóò máa kórìíra ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, bàbá mi ni àbí òun? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí ẹni tí yóò torí ìtìjú tirẹ̀ ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́.