Pa Á Mọ́ Ni Wọ́n Wí

Ẹ̀yin ọmọ àti ọmọ-ọmọ ilé wa, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí n tó kú: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Èmi ni mo purọ́ mọ́ wọn.

Kámẹ́rà fídíò kékeré kan ni ọkọ wọn rà nígbà tí ìyá wa ṣì wà láyé. Àtẹ́lẹwọ́ gbà á. Àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, ó sì ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú, atẹ́gùn díẹ̀ báyìí a bo ohùn mọ́lẹ̀, inú rẹ̀ kò sì gba nǹkan púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú rẹ̀ sí ìyá wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí màmá ti ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá wa ní, "Ṣé èmi arúgbó yìí lẹ fẹ́ fi ṣe sinimá? Ẹ jẹ́ kí n wá eyín mi ná!" A rẹ́rìn-ín títí kámẹ́rà fi ń gbọ̀n. Ọ̀sán yẹn dùn.

Lẹ́yìn ikú ìyá wa, ọwọ́ mi ni kámẹ́rà wà. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù: "Ọ̀gá Má-ṣòfò, mo mọ̀ ọ́ o, o kì í fẹ́ kí àyè ṣòfò. Ti màmá yẹn, jọ̀ọ́, pa á mọ́." Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tó ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí mi nílé nípasẹ̀ lẹ́tà ní kí n ya fídíò tí yóò fi ibi tí ẹ̀rọ kan dára sí àti ibi tó kù sí hàn. Kámẹ́rà náà ni mo yàn. Inú rẹ̀ ti kún. Mo ní, kí ni aṣọ kíká fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni? Òmùgọ̀ ni mí. Ẹ̀rọ náà bi mí bóyá ó dá mi lójú pé kí òun pa á rẹ́. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. N kò tilẹ̀ ka ìbéèrè yẹn mọ́ ibi tí ẹ̀rọ náà dára sí. Mo ya fèrèsé, iná àti aago ara ògiri rọ́pò ìyá mi. Olùkọ́ yìn mí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi béèrè fídíò màmá, mo wò wọ́n lójú: "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n pa á rẹ́?"

Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. "Àbí mo ṣì í sọ? Ìbànújẹ́ ti da orí mi rú."

Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀." Gbólóhùn yẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe.

Láti ìgbà náà ni wọn kò ti gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu ara wọn mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán yín ní iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ fi ń pè wọ́n ní Màmá Ẹlẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tètè dáhùn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti tó.