Ìjókòó Mọ́tò Tó Sún Síwájú Jù

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bá Duane ọmọ mi ṣe ètò má-mutí-wakọ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́. Kò yà mí lẹ́nu, mo fi ọtí burandí bọ́ ọ ju bí mo ṣe fi oúnjẹ bọ́ ọmọ mi lọ. Kí wọ́n tó fi yẹ̀pẹ̀ bo ẹnu yìí, òótọ́ máa jáde níbẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí: Leona, ìyá kúkúrú oníkùn ńlá tó ń gbé búrẹ́dì wá fún yín. Tí ẹ bá wọ awò tó ń sọ ojú di ojú ọ̀mùtí, tí ẹ ń ti kẹ̀kẹ́ gba àárín àwọn ike tí Duane tò sílẹ̀, tí ẹ ń ṣubú, èmi ni mo máa ń rẹ́rìn-ín títí ìtọ̀ á fi fẹ́ bọ́ lára mi. Lẹ́yìn náà, Duane á kó yín lọ síbi mọ́tò tó rún, èyí tí bàbá rẹ̀, Norbert, kú sínú rẹ̀. Á ní, "Ọ̀mùtí ni bàbá mi. Díẹ̀ ló kù kó pa ìyá mi. Ẹ má dà bíi rẹ̀." Èmi á sì máa nu ojú. Àgbàyà ni mí! Láti kékeré, Duane ò dé ibi ibojì bàbá rẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, Kirsten, ọmọbìnrin gíga yẹn, jókòó sínú mọ́tò náà, orúnkún rẹ̀ sì há. Ó pariwo, "Ọ̀gá Duane, ta ló ń wa eléyìí, aràrá?" Ẹ bú sẹ́rìn-ín. Duane ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìjókòó náà, ó wá wo ẹsẹ̀ mi. Mo yára ní, "Igi tó kọlù ló tì í síwájú. Ẹ wá jẹun jàre!" Irọ́ ni. Norbert ga débi pé ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Èmi ni mo fa ìjókòó yẹn síwájú kí ẹsẹ̀ mi lè kan bíréèkì.

Nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì ni, tí a kì í jẹ ẹran, a lọ jẹ ẹja díndín nílé ọtí ẹ̀bá adágún. Norbert mu kọfí, torí àwọn màlúù ń dúró kó wá fún wàrà wọn. Èmi mu burandí títí mo fi ń jó pẹ̀lú àga. Nígbà tí a jáde, yìnyín ń bọ́. Norbert tẹ́ àtẹ́lẹwọ́: "Leona, mú kọ́kọ́rọ́ wá." Mo ní, "Gbé ọwọ́ ẹ kúrò lójú mi, ìwọ àgùnfọn yìí!" Yìnyín ń bọ́ sí ọwọ́ náà, kò ká a kò. Nígbà tí mo jókòó sídìí ọkọ̀, ó wá jókòó tì mí, torí kò fẹ́ kí n dá lọ.

Ní kọ́nà, mo lọ kọlù igi. Ìgbọ̀nwọ́ mi nìkan ló bó. Norbert ní, "Leona, ẹsẹ̀ mi. Lọ pe èèyàn wá." Iná ń tàn nílé kan lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mi ò lọ. Ẹ̀wọ̀n ni mo ń rò. Mo bọ́ sílẹ̀, mo di kóòtù rẹ̀ mú, mo sì wọ́ ọ wá sí ìjókòó mi. Ó ké. Ó ní, "Kí lò ń ṣe, ìyàwó mi?" Apá tí mo fi ń po búrẹ́dì yín yìí náà ni mo fi wọ́ ọ. Mo da ìyókù burandí tó wà nínú àpò mi sí i láyà. Ìgbà yẹn ni mo tó sáré lọ kan ilẹ̀kùn ilé yẹn. Kí èmi àti onílé náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti dákẹ́. Ọlọ́pàá tó wá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ó gbóòórùn ọtí, ó ní, "Háà, Norbert, ìwọ náà?" Kò béèrè mọ́.

Láàárọ̀ yìí, mo sọ fún Duane nílé ìdáná. Kò bú mi. Ì bá tiẹ̀ sàn kó bú mi. Ó jáde lọ síbi mọ́tò náà, ó wọ inú rẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì há síbi tí ti bàbá rẹ̀ há sí. Ó ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Duane, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Lọ gbá ewé kúrò lórí ibojì bàbá rẹ ná, kí o bẹ̀ ẹ́ fún èmi àti ìwọ. Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹnikẹ́ni bá tẹ́ ọwọ́ sí yín pé kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá, ẹ bú u tí ẹ bá fẹ́, ẹ pè é ní àgùnfọn, àmọ́ ẹ fi kọ́kọ́rọ́ náà sí i lọ́wọ́.