Ohun Tó Wà Nídìí Èsì Ìdánwò Àdùkẹ́

Ògo! Ògo! Ògo ni fún Ọba òkè! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé e ga, nítorí ọpẹ́ tí mo rù wá síbí láàárọ̀ yìí wúwo ju ohun tí ọrùn mi nìkan lè gbé lọ! Ẹ ṣé. Ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Èmi ni Ìyá Àdùkẹ́, aránṣọ ẹ̀bá ọ̀nà Okpomèta. Èmi ni mo rán aṣọ tó wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ nínú yín, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá Àdùkẹ́ ló jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn. Àgbẹ̀ ni, kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun láwùjọ, ṣùgbọ́n lónìí, n óò dárúkọ rẹ̀! Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ ló dúró tì mí yìí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni.

Ẹ̀yin ará, ọmọ yìí mọ̀wé. Kì í ṣe pé mò ń fi ọmọ yangàn. Kó tó wọ ilé-ìwé ló ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò sìmẹ́ǹtì. Tí mo bá fẹ́ gé aṣọ, òun ló ń bá mi ṣírò rẹ̀ tí yóò fi kárí. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mùsé, fi wá bá wa nílé lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ìyá Àdùkẹ́, wọ́n ń ṣa àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn jí pépé jọ fún ilé-ìwé àkànṣe kan ní Àjàṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí tiyín lọ ṣe ìdánwò rẹ̀. Bí òun ò bá wọlé, mi ò mọ ọmọ tí yóò wọlé."

Ha! Bàbá rẹ̀, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lọ sóko! Ó ra bàtà tuntun fún un. Gbogbo àdúgbò gbọ́.

Gbọ̀ngàn ńlá kan ní Kétu ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Àwọn ọmọ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Èmi dúró síta lábẹ́ igi máńgòrò, mo ń gbọ́ ohùn kan láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó ń ka ìbéèrè lédè Faransé, tí àwọn ọmọ ń kọ ìdáhùn. Nígbà tí Àdùkẹ́ jáde, mo ní, "Báwo ni?" Ó ní, "Ó dáa díẹ̀, Màmá." Kò wo ojú mi.

Nígbà tí èsì dé, Mùsé ránṣẹ́ pè wá sí Kétu. Ó fọwọ́ nu orí, ó tún un nù. Ó ní, "Mẹ́fà nínú ogún ni wọ́n fún un. Kò yé mi, Ìyá Àdùkẹ́. Ọmọ tó máa ń tún ìṣirò mi ṣe lójú pátákó! Bóyá ẹ̀rù ló bà á. Bóyá a sì ń yìn ín jù ni."

Mẹ́fà! Àdùkẹ́ dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹnu Mùsé. Ó wá sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa kọ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ yín. Mi ò mọ̀wé tó bí wọ́n ṣe rò." Iṣẹ́ tí mò ń ṣe, tí mo fẹ́ràn, lọ́jọ́ yẹn ó dà bí ìyà létí mi.

A gun zẹ́mì padà sílé, alùpùpù kan fún àwa mẹ́ta: ẹni tó ń wà á níwájú, Àdùkẹ́ láàárín, èmi lẹ́yìn. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, a sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mo wá tẹ̀ mọ́ èjìká ọmọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọkàn mi jáde. Mo ní, "Àdùkẹ́ mi, Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀, ìwọ kọ́ ni mẹ́fà yẹn o. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìdánwò kalẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ. Bó o bá gba òdo, ọmọ mi ni ọ́. Bó o bá gba ogún, ọmọ mi náà ni ọ́." Mo sọ ọ́, mo tún un sọ, omi ń bọ́ lójú mi. Kò dáhùn. Mo ní ìbànújẹ́ ló mú un.

Nígbà tí a dé ilé, ọlọ́zẹ́mì yìí, géńdé ọkùnrin, sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń bá ọmọ yìí sọ bọ̀ wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ irú ẹ̀ rí."

Àdùkẹ́ wo ẹnu rẹ̀, ó wo èmi. Ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ wo? Ṣebí ẹ̀ ń bínú sí mi ni? Ẹ ò bá mi sọ nǹkan kan láti Kétu."

Ẹ̀yin ará! Ọkùnrin tó wà níwájú gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ tó wà láàárín wa kò gbọ́ ẹyọ kan!

Mo ní kó lọ kó àgbàdo tí a sá sílẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Àdùkẹ́." Mo tún pè é. Kò yíjú. Mo wá bọ́ síwájú rẹ̀, mo la ẹnu láìjẹ́ kí ohùn kankan jáde, ètè mi nìkan ni mo fi sọ pé, "Wá jẹun." Ó ní, "Mo ń bọ̀, Màmá."

Ó ń ka ẹnu wa! Ọmọ mi ń ka ẹnu wa bí ẹni ka ìwé! Ariwo maṣíìnì ìránṣọ mi kì í dákẹ́, ilé wa sì jẹ́ ilé tí a ti ń kọjú síra wa ká tó pariwo sọ̀rọ̀. Nílé-ìwé, iwájú Mùsé ló ń jókòó sí, Mùsé sì máa ń la ẹnu bí ẹni tó ń jẹ ìrèké. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn inú gbọ̀ngàn yẹn, ẹnu wo ló ní?

Nígbà tí bàbá rẹ̀ ti oko dé, tí mo sọ fún un, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Etí tó ń ṣọyún nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. A rò pé ó ti lọ." Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní, "Ayé ló fọwọ́ kan orí ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síbì kan." Ọkọ mi dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Orí ọmọ mi pé. Etí rẹ̀ ni mo fẹ́ tọ́jú." Ẹ pàtẹ́wọ́ fún bàbá yẹn!

Kutonú ni wọ́n darí wa sí, lọ́dọ̀ dókítà etí. Obìnrin ni. Ó tan iná wò ó, ó fi nǹkan bò ó létí, ó ń tẹ bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màmá, awọ inú etí òsì ti lu. Omi tó ti ki ló kún ti ọ̀tún. Ohun tí ọmọ yìí ń gbọ́ kéré gan-an. Ẹ wá ní ó ń gba ipò kìíní ní kíláàsì?"

Mo ní, "Dókítà, ṣé ó máa dití ni?"

Ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Rárá o. A ó fa omi yẹn jáde. A ó tọ́jú èkejì. A ó sì fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa ràn án lọ́wọ́."

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọlé fún iṣẹ́ abẹ yẹn, ẹnu ọ̀nà ni mo wà, àdúrà ò wá sí mi lẹ́nu mọ́, "Bàbá, Bàbá" nìkan ni mò ń pè. Ó sì dá mi lóhùn! Ẹ bá mi sọ pé ó dáhùn! Nígbà tó yá tí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹn sí i létí, mo ní, "Àdùkẹ́ mi." Ó yíjú sí mi wàrà. Ó ní, "Màmá, àṣé báyìí ni ohùn yín ṣe tutù tó? Mo rò pé igbe lẹ máa ń ké ni." Mo sunkún, dókítà sunkún. Nígbà tí a délé, ó jókòó tì mí nídìí iṣẹ́, ó ń gbọ́ bí àlùmọ́gàjí ṣe ń gé aṣọ. Ó ní ó ń dún bí ewúrẹ́ tó ń jẹ koríko!

Mùsé tẹ̀ lé wa lọ bá madámù tó ń bójú tó ìdánwò náà. Ó wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Ẹ gbọ́. Níbi tí ọmọ yìí ti ka ìbéèrè fúnra rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Níbi tí ẹ̀rọ ti ka ìbéèrè fún un, kò rí nǹkan kan mú. Etí rẹ̀ la dán wò, a ò tíì dán ọpọlọ rẹ̀ wò. Ẹ mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Iwájú mi ni yóò jókòó sí." Mùsé bọ́ fìlà, ó ní, "Àdùkẹ́, má bínú sí mi." Àdùkẹ́ ní, "Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Mùsé. Ẹnu yín ló dùn ún kà jù."

Àwọn kan ní kí n dúró kó wọlé ná, kí n tó wá jẹ́rìí. Mi ò dúró o! Bó wọlé, ọpẹ́ ni. Bí kò wọlé, ọpẹ́ ni. Mo ti gba ọmọ mi padà!

Ìwọ ìyá tí èsì ọmọ rẹ ń pa lẹ́kún, ìwọ bàbá tí ojú ń tì, ẹ má fi nọ́ńbà sọ ọmọ yín lórúkọ. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í léèrè. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọlọ́run tó gba ẹnu ọlọ́zẹ́mì là mí lójú mọ ọ̀nà ilé yín. Ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ dúró tì wá nígbà tí ọwọ́ wa ò ká a, ẹ ṣé, ẹ ṣé, ọmọ yín náà kò ní sọnù mọ́ yín lójú.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí à ń kọrin ìyìn láàárọ̀ yìí, Àdùkẹ́ fa ìró mi. Ó ní, "Màmá, ṣé báyìí la ṣe máa ń pariwo ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rọra."

Ẹ̀yin ará, mi ò ní bá a bẹ̀ yín o! Ẹ hó! Ẹ tún hó! Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi gbọ́!