Omi Tí Kò Gba Inú Mítà Kọjá

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, àti ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́ lóko ìwádìí, ẹ dẹtí sí mi. Dókítà ti sọ pé kíndìnrín mi ò lè pẹ́ mọ́. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, nítorí ibi tí mò ń lọ, wọ́n ti mọ̀ ọ́n níbẹ̀ kí n tó dé.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ka mítà omi. Baba Mítà lẹ ń pè mí. Lọ́dún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Ọ̀gá wa lóko ìwádìí fẹ́ mọ bí àgbàdo ṣe lè fi omi díẹ̀ so púpọ̀. A pín ilẹ̀ sí abala-abala. Ní àwọn kan, à ń jẹ́ kí omi ṣàn gba inú poro. Ní àwọn mìíràn, ẹ̀rọ ń fọ́n omi lé àgbàdo lórí bí òjò. Ní àwọn yòókù, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ń kán omi tó, tó, sí ìdí wọn. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, apá kan gba ajílẹ̀ kíkún, apá kan gba ìdajì, ẹ̀kẹta ò gba nǹkan kan. Bí a bá kórè, Ọ̀gá á wọn àgbàdo, á sì fi wé iye omi tí mo kọ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dá lórí òótọ́ ẹni méjì: èmi tí mò ń kọ iye omi, àti Ìyá Alájílẹ̀, opó tó ń fi ṣíbí wọn ajílẹ̀ sí ìdí àgbàdo.

Èmi ló yẹ kí n máa fọ asẹ́ tó ń sẹ́ ẹrẹ̀ kúrò nínú omi rọ́bà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi fọ̀ ọ́, torí à ń múra orin ìyàsímímọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ò rí i? Orin ìyìn ni mo fi bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ dí rọ́bà pa. Abala tó gba ajílẹ̀ kíkún ló kọ́kọ́ rọ, nítorí ajílẹ̀ tí kò rí omi, iná ni. Dípò kí n wí fún Ọ̀gá, bí àwọn yòókù bá ti lọ jẹun ọ̀sán, mo ń fi kẹ́ẹ̀gì pọn omi láti inú tàǹkì, mo ń dà á sí ìdí àgbàdo. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá, títí mo fi tú gbogbo rọ́bà náà fọ̀ tán. Ẹni tó ń tan ẹ̀rọ omi rí mi. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Baba Mítà, omi yìí ò ṣe gba ẹnu mítà? Àbí àlejò ni?"

Mo ní, "Ọ̀rẹ́, ṣe bí ẹni tí kò rí mi."

Ó ní, "Ojú mi ò kúkú ríran dáadáa láti àárọ̀." Ló bá bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì méjì. Òun ti sùn nínú Olúwa. Mi ò kọ ẹyọ kẹ́ẹ̀gì kan sílẹ̀.

Nínú ìwé mi, abala yẹn mu omi díẹ̀, ó sì so ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀gá yọ̀. Wọ́n tẹ ìwé pélébé fún àwọn àgbẹ̀: ẹ máa kán omi díẹ̀, kí ẹ fi ajílẹ̀ kíkún sí i. Àgbẹ̀ tó lé ní ogójì gbà wá gbọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ keje, ewé àgbàdo wọn ń jó láti etí bọ̀ sí àárín. Àbúrò mi obìnrin wà lára wọn. Ó já ewé kan wá sílé mi. "Ẹ̀gbọ́n, ìwé yín ni mo tẹ̀ lé o. Ṣé ìwé ló purọ́ ni, àbí ilẹ̀ mi?" Mo ní kó lọ gbàdúrà. Èmi! Mo ní kó lọ gbàdúrà.

Ibi tó burú jù ló kù yìí. Ọ̀gá pè wá sí ọ́fíìsì. Ó ní yálà omi la kọ ṣì, tàbí ajílẹ̀ la wọ̀n ṣì. Mo gbọ́wọ́ sókè, mo ní, "Ọlọ́run ń gbọ́, sà, bí mítà ṣe wí ni mo kọ." Ẹ wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ lẹ́nu àgbàlagbà.

Ìyá Alájílẹ̀ ní, "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wọ̀n ọ́n, sà. Ṣíbí kan, ìdí kan."

Mo bá dá sí i: "Ẹ má bínú, sà. Mo rí ajílẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú àpò wọn lọ́jọ́ kan." Irọ́ ni. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní òfin kẹsàn-án lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ó kàn wò mí. "Baba Mítà, ẹ̀yin?" Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lábẹ́lẹ̀ pé ajílẹ̀ ló ń jí. Ó di ọdún mẹ́jọ báyìí. Inú ẹgbẹ́ akọrin kan náà la ṣì jọ wà; lọ́jọ́ tí mo bá gbàgbé ìwé orin mi sílé, òun ló ń na tirẹ̀ sí mi.

Ní báyìí, ife omi mẹ́ta péré ni mo ní ẹ̀tọ́ sí lójúmọ́, nọ́ọ̀sì sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òùngbẹ fẹ́ pa mí. Mo ní, "Ọmọ mi, fún mi ní díẹ̀ sí i, má kọ ọ́."

Ó ní, "Bàbá, omi tí mi ò bá kọ ló máa pa yín. Dókítà á rò pé ẹ ò mu ún, oògùn tí kò yẹ yín ló máa fún yín."

Mo kọjú sí ògiri, mo sunkún. Lẹ́yìn náà, mo ránṣẹ́ pe Ìyá Alájílẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Èpè ni mò ń retí. Ó kàn bi mí pé, "Kẹ́ẹ̀gì mélòó?"

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin."

Ó yọ gègé. "Ẹ tún un wí, kí n má baà kọ ọ́ ṣì." Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó ní, "Kí ẹ tó máa bẹ̀ mí, ẹ lọ tún ìwé Ọ̀gá ṣe ná."

Mo ti fọwọ́ sí ìwé tó kọ náà, ó sì ti dé ọwọ́ Ọ̀gá. Ẹ bá mi ka èyí sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì: obìnrin yìí ò jalè, ṣíbí rẹ̀ pé. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ iye nǹkan sílẹ̀, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ kọ àṣìṣe náà mọ́ ọn.

Ìyá Alájílẹ̀ ò tíì sọ pé òun dárí jì mí. Ṣùgbọ́n lánàá ó tún wá. Ó bu omi sínú ṣíbí, ó fi sí mi lẹ́nu, ó sì yíjú sẹ́yìn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kọ ọ́ o. Ṣíbí kan."