Ọkọ Mi Ka Ìdáhùn Láti Ìsàlẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé ọpẹ́ yìí, ẹnu mi nìkan ò lè gbé e! Èmi ni Ìyá Ìyanu, Ìgàndò níbí ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò promotion. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ti di ọ̀gá mi, èmi ni mò ń sáré kí wọn. Wọ́n wá ní tí n ò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, ibi tí mo wà náà ni màá wà títí màá fi fẹ̀yìn tì. Ó dùn mí wọra.

Mo ní ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀. Mo gbààwẹ̀. Mo gba àdúrà ṣubú-kó-o-kú títí ohùn mi fi há. Mo kó bíró wá síwájú pẹpẹ, wọ́n ta òróró sí i. Ẹ̀yin ará, orí kọ̀ǹpútà la ti ń ṣe ìdánwò ọ̀hún o! Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jàre.

Mo ra ìwé past question ní Ìkòtún: ti ìjọba, ti ìtàn Nàìjíríà, ti ètò ọrọ̀ ajé. Ojoojúmọ́ ni mò ń dán ara mi wò, gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbà. Ọkàn mi balẹ̀ pátá.

Ọ̀sán Sátidé, ìdánwò ku ọjọ́ díẹ̀, mo ní kí Daddy Ìyanu, ọkọ mi, máa bi mí. Aláwàdà ni, ló bá ń ka àwọn ìdáhùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó bi mí pé ta ló ń ṣòfin. Mo ní, "B!"

Ó ní, "Mi ò bi ẹ́ ní lẹ́tà, Ìyá Ìyanu. Ta ni?"

Mo tún ní, "B náà ni!" Ó bi mí ní òmíràn, bákan náà. Àṣé A, B, C, D ni mo há sórí, n ò mọ ohun tó wà níwájú wọn! Kọ̀ǹpútà sì rèé, ṣe ló máa ń da ìdáhùn rú fún oníkálukú. 

Mo wọ yàrá, mo kúnlẹ̀. N ò lè pe ọ̀tá kankan mọ́. Mo kàn ń sunkún pé, "Baba, mi ò mọ̀ ọ́n. Kọ́ mi." Ó sì kọ́ mi! A tún ìwé yẹn bẹ̀rẹ̀. Aṣòfin àti aláṣẹ, mo fi ilé wa ṣe é: èmi ń ṣòfin, ọkọ mi ń fọwọ́ sí i. Ohun tó bá ṣọ̀wọ́n á wọ́n, àbí kì í ṣe tòmátì ọjà Ìkòtún nìyẹn nígbà tí mọ́tò ò bá dé láti òkè Ọya?

Lọ́jọ́ ìdánwò, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni mo ṣí, gbogbo ìdáhùn ti kúrò níbi tí mo mọ̀ wọ́n sí. Òógùn bò mí nínú AC. Aago ń sáré lójú kọ̀ǹpútà. Mo ní, "Jésù!" Mo fi lẹ́tà sílẹ̀, mo ka ọ̀rọ̀. Mo mọ̀ ọ́n! Èyí tó tẹ̀ lé e, mo mọ̀ ọ́n! Mò ń dáhùn, omi ń bọ́ lójú mi.

Èsì jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo yege! Obìnrin kan ní ọ́fíìsì wa ló kọ́kọ́ pè mí, ó ń pariwo ayọ̀ ju èmi tí mo ni ín lọ. Ẹ̀yin ará, òun gan-an ló máa ń wà lọ́kàn mi tí mo bá ń gba àdúrà ṣubú-kó-o-kú! Ká ní Ọlọ́run dá mi lóhùn ni, ta ni ì bá pè mí? Òun ló jókòó nídìí fèrèsé yẹn. Mo ti jẹ́wọ́ fún un, ẹ̀rín ló fi mí rín. Àǹtí, ẹ dìde, ẹ jáde wá. Ìjọ Ọlọ́run, ẹ bá àwa méjèèjì yọ̀!