Páásíwọ́ọ̀dù Kan fún Àpótí Mẹ́ta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti gbé irọ́ kan mì, kò sì dà nínú mi. Ohun tí mo rí ní Sátidé tó kọjá ló jẹ́ kí n lanu.

Bódìjà là ń gbé, èmi, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀. Kí Bọ̀ọ̀dá Délé, àbúrò ọkọ mi, tó lọ sí òkè òkun, òun àti ọkọ mi ti jà lórí ilẹ̀ bàbá wọn, wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Bọ̀ọ̀dá Délé wá ṣí àpótí ímeèlì kan fún Màmá. Ó ní, "Ìyàwó wa, ìwọ ni kí o máa bá mi kà á fún wọn."

Ọkọ mi ní tirẹ̀ tí mo ń bá a yẹ̀ wò, èmi náà ní tèmi. Àpótí mẹ́ta, páásíwọ́ọ̀dù mẹ́ta! Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ sí kafé kọ̀ǹpútà ní Agbowó. Kí ọ̀kan tó ṣí, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Bí mo bá wọ ti Màmá, kọ̀ǹpútà lè ní páásíwọ́ọ̀dù tí mo kọ kì í ṣe òun. Kí ló dé gan-an? Ṣé èmi kan náà kọ́ ló jókòó síbẹ̀ ni?

Mo bi àwọn tó ni kafé bóyá a lè da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Orí mi gbóná. Mo ní ó dáa, n ó fún gbogbo wọn ní páásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Tèmi gbà, ti ọkọ mi gbà. Ti Màmá ni mo ń fi ìbínú tẹ̀ lọ́wọ́ tí iná fi lọ.

Láti ọjọ́ náà, ti àtijọ́ ò ṣí i, tuntun ò ṣí i. Ìbéèrè tí Bọ̀ọ̀dá Délé fi sílẹ̀ fún ìgbà tí a bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù ni kọ̀ǹpútà ń bi mí: kí ni orúkọ ìyá rẹ? Ẹ gbà mí o! Ìyàwó ilé wo ló ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Mo kọ Dọ́káàsì tí wọ́n ń pè wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọ̀. Mo kọ Ìyá Délé, ó kọ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì Bọ̀ọ̀dá Délé gan-an, inú àpótí yẹn ló wà, ilé wa kò sì ní fóònù.

Ọkọ mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Délé létí. Bí mo bá sì bi Màmá ní orúkọ wọn, wọ́n á mọ̀ pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Mo délé, mo ní, "Màmá, kò kọ nǹkan o." Ẹ jọ̀ọ́, ó rọrùn ju àlàyé lọ nígbà yẹn. Mo tún un sọ lọ́sẹ̀ kejì, títí ó fi mọ́ mi lẹ́nu.

Màmá kọ́kọ́ ń ní, "Iṣẹ́ ló pọ̀ fún un." Nígbà tó yá, wọ́n yọ àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri pálọ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè máa wo ẹni tí kò wo àwọn mọ́. Ojú mi ló ṣe.

Ní Sátidé tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n Màmá dé láti Ṣakí. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń ké, "Àbẹ̀ní o! Ṣé o wà nílé?" Orúkọ Màmá rèé! Mo sáré lọ sí Agbowó, mo tẹ Àbẹ̀ní. Ó ṣí.

Lẹ́tà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bọ̀ọ̀dá Délé ti gbéyàwó. Ó ti bímọ, ó ń bẹ Màmá kí wọ́n fún ọmọ lórúkọ kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Èyí tó kẹ́yìn kò gùn: "Màmá, ó ti yé mi. Ti ẹ̀gbọ́n mi lẹ ń ṣe. N kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́." Mo sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

Mo ti tẹ àwọn lẹ́tà náà sórí bébà, wọ́n wà nínú báàgì mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Bọ̀ọ̀dá Délé ni kí n kọ́kọ́ kọ̀wé bẹ̀ ni, àbí kí n kúnlẹ̀ fún Màmá? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Wọ́n yọ àwòrán o, ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọlé ní Sátidé, wọ́n á ṣì pè mí láti yàrá wọn: "Ìyàwó, Délé ò tíì kọ nǹkan?"